Ilẹ̀kùn tí Google Ṣí, Kọ́kọ́rọ́ tí Ó Mú Dání: Ìtàn Fóònù Android

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Google ṣe ìkéde kan tí kò gba àyè púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ wa. Wọ́n ní bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026, ní Bùràsíìlì, Indonesia, Singapore àti Thailand, fóònù Android tí ó bá ní òǹtẹ̀ Google kò ní í gba áàpù wọlé mọ́, àfi tí ẹni tí ó ṣe áàpù náà bá ti fi orúkọ àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti ọdún 2027, òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kárí ayé. Ẹni tí ó bá sáré kà á lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣe áàpù nìkan ni, pé kò kan òun. Ó kàn án. Ó kan gbogbo ẹni tí ó ti fi Xender gba áàpù rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nítorí pé dátà wọ́n, ó sì kan ìdí náà gan-an tí fóònù yìí fi di ti olówó, tí ó di ti tálákà. Ìtàn rẹ̀ kò tíì pé ọdún 25, ṣùgbọ́n a ti ń gbàgbé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, kì í ṣe fóònù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, ní ìlú Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, àwọn ọkùnrin mẹ́rin, Andy Rubin, Rich Miner, Nick Sears àti Chris White, dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Android. Wọ́n fẹ́ ṣe ètò ìṣiṣẹ́ fún kámẹ́rà ìgbàlódé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọjà kámẹ́rà kò tó nǹkan, ni wọ́n bá yí ojú sí fóònù. Owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ọ̀rẹ́ Rubin kan, Steve Perlman, ni a gbọ́ pé ó kó 10,000 dọ́là sínú àpò ìwé, tí ó gbé e fún un, tí kò sì béèrè ìpín kankan nínú ilé-iṣẹ́ náà. Èmi a máa rántí àpò ìwé yẹn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ iye tí wọ́n ń dá lé Android lónìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2005, Google rà wọ́n. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá nǹkan lórí ayélujára àti títa ìpolówó fẹ́ fi fóònù ṣe. Ìbẹ̀rù ni ìdáhùn rẹ̀. Ètò ìṣiṣẹ́ ni ó ń jẹ́ kí ojú fóònù mọ̀ pé ìka kàn án, òun ni ó ń jẹ́ kí ìpè wọlé, òun náà ni ó ń pinnu ohun tí yóò kọ́kọ́ yọ sí ènìyàn nígbà tí ó bá ṣí fóònù rẹ̀. Ẹni tí ó bá ni ètò náà ni ó ni ẹnu ọ̀nà. Lórí kọ̀ǹpútà, Microsoft ni ó ni ẹnu ọ̀nà nígbà náà, Google sì mọ̀ bí ìyẹn ṣe rí. Ẹni tí ó ń pàtẹ síwájú ilé onílé kì í sùn wọra, nítorí pé ọjọ́ tí inú onílé bá ru, àtẹ di kíkó nìyẹn. Bí fóònù bá wá di ohun tí gbogbo ayé yóò máa fi wọ orí ayélujára, tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Google lè jí ní ọjọ́ kan kí ó bá ara rẹ̀ níta. Nítorí náà, kí a má ṣe sọ pé àánú ni ó mú kí wọ́n fi Android tọrẹ. Wọ́n ń dáàbò bo oúnjẹ wọn ni.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, Steve Jobs gbé iPhone jáde síwájú aráyé. Fóònù tí àwọn ọmọ Android ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, tí wọ́n pè ní Sooner, ní bọ́tìnnì lójú bíi ti BlackBerry. Ìran iPhone mú kí wọ́n pa á tì, wọ́n sì dojú kọ èkejì tí a máa ń fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, Google kó ilé-iṣẹ́ 34 jọ, Samsung, Motorola, HTC, LG àti àwọn mìíràn wà lára wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Open Handset Alliance. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe ètò ìṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀. Fóònù àkọ́kọ́, T-Mobile G1 tí HTC ṣe, dé ọjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà ni wọ́n gbé kóòdù Android síta fún aráyé.

Kóòdù ni àwọn àṣẹ tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ìpìlẹ̀ ti Android wá láti inú Linux, iṣẹ́ tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ará Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó sì fi lé aráyé lọ́wọ́. Lórí ìpìlẹ̀ yìí, Google fi ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Apache bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ìwé àṣẹ náà sọ kò le: mú un, tún un ṣe, fi í sínú ọjà rẹ, tà á, má sì san nǹkan kan fún wa. A kò sì lè gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ padà lórí ohun tí a ti fi léde. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó wà lórí àtẹ nígbà náà. Microsoft ń gba owó lórí fóònù kọ̀ọ̀kan tí ó bá lo ètò rẹ̀. Apple kò fún ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni BlackBerry. Oníṣòwò kékeré kan ní Shenzhen tí ó fẹ́ ṣe fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, Nokia ni ọba. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, BlackBerry gorí àpèrè. Ní yàrá ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2010, ẹni tí kò bá ní BlackBerry dà bí ẹni tí kò wá sí ibi iṣẹ́, nítorí pé orí BBM ni olóòtú ti ń pín iṣẹ́, orí rẹ̀ náà ni a ti ń gbọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò ní ipò. Èmi kò ní in. Ọ̀dọ́ mẹ́ta péré nínú wa ni kò ní in, a sì máa ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n ka ohun tí ọ̀gá sọ sí wa létí.

Transsion, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ti ń wo ilẹ̀ Áfíríkà ní gbogbo àsìkò yìí. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti gbájú mọ́ ilẹ̀ wa tán, pẹ̀lú Tecno, lẹ́yìn náà itel àti Infinix. Wọ́n ṣàkíyèsí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò kà sí. Wọ́n rí i pé ènìyàn kan ń gbé fóònù méjì kiri nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì kan dára nílé, èkejì dára níbi iṣẹ́, ni wọ́n bá fi àyè síìmù méjì sínú fóònù kan. Wọ́n rí i pé iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n fi bátìrì tí ó ń pẹ́ sí i. Wọ́n tún kámẹ́rà wọn ṣe kí ó lè ya aláwọ̀ dúdú dáadáa. Síbẹ̀, gbogbo ọgbọ́n yìí ì bá mọ sórí fóònù tí a fi ń pe ènìyàn lásán, bí kò bá sí ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n lè mú lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì tún un ṣe bí ó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ dé ọjà ní ọdún 2007, 499 dọ́là ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Google àti Infinix gbé Hot 2 jáde ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè márùn-ún mìíràn ní Áfíríkà ní 87 dọ́là. Àlàfo tí ó wà láàárín owó méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìyálọ́jà àti awakọ̀ gbà wọ orí ayélujára. Àwọn alátùn-únṣe ní Otigba, ní Computer Village, Ìkẹjà, náà rí jẹ nínú rẹ̀, torí fóònù tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba ṣeé tú palẹ̀, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé jí dìde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù, nítorí ibẹ̀ ni Android ti kàn mí jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, Google gbé ẹ̀dà 1.5 jáde. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo: ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà lè ṣe kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ sì fi í rọ́pò èyí tí ó bá fóònù wá. Apple kò gba irú rẹ̀ láyè lórí iPhone títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí ó wà láàárín wọn. Fún ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún márùn-ún yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Fún ẹni tí ń kọ Yorùbá, ọ̀ràn ńlá ni. Fóònù tí mo ń lò ṣáájú, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Bí ẹnìkan bá fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, àpótí kéékèèké ni mo máa ń rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ lórí rẹ̀, "oko" nìkan ni yóò rí kọ, ibi tí àgbẹ̀ ń lọ. Òǹkàwé ni yóò wá fi ọgbọ́n orí mọ̀ bóyá ọkọ ni obìnrin inú ìròyìn náà ń dúró dè ní ibùdókọ̀, tàbí ọkọ̀.

Ní ọdún 2013 ni mo ra fóònù Android àkọ́kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè fi Bluetooth fi kíbọ́ọ̀dù kan tí ó ní àmì ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò bá ibi ìtajà kankan wá. Fóònù náà béèrè bóyá mo gbà kí ó wọlé láti ibi tí òun kò mọ̀, mo ní mo gbà, ó wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fi àmì sí láìjókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Google fúnra rẹ̀ ti fi Yorùbá sínú kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ báyìí, Gboard, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò dúró de Google ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún wa, ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó sì jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ilẹ̀kùn náà ṣeé tì. Nígbà tí iPad jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, àwọn oní-Android sáré tẹ̀ lé e. Samsung gbé Galaxy Tab wá nínú ọdún kan náà, pẹ̀lú ẹ̀dà Android tí wọ́n ṣe fún fóònù. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, Motorola gbé Xoom wá pẹ̀lú ẹ̀dà 3.0 tí Google dìídì ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn wá kóòdù ẹ̀dà yìí títí, wọn kò rí i. Google ní àwọn kánjú ṣe é ni, àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ rì í bọ inú fóònù. Oṣù Kọkànlá ni kóòdù tó tún jáde, pẹ̀lú ẹ̀dà 4.0. Ní oṣù Kọkànlá yẹn kan náà, Amazon ṣe ohun tí Google kò fẹ́ràn: ó mú ẹ̀dà Android àtijọ́, ó yọ gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti Google kúrò nínú rẹ̀, ó fi ilé ìtajà tirẹ̀ sí i, ó sì tà á ní 199 dọ́là pẹ̀lú orúkọ Kindle Fire. Google kò lè dá a dúró. Ìwé àṣẹ ti gbà á láyè.

Ohun tí Google fi tọrẹ ni kóòdù Android. Ohun tí kò fi tọrẹ ni Play Store, Gmail, YouTube àti àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Fóònù tí kò bá ní àwọn wọ̀nyí ní ilẹ̀ wa, ta ni yóò rà á? Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì fẹ́ wọn gbọ́dọ̀ bá Google tọwọ́ bọ̀wé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Acer fẹ́ gbé fóònù kan jáde pẹ̀lú ètò tí Alibaba ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe. Google ní ẹ̀yà Android tí kò bá ti òun mu ni ètò náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ṣèlérí pé àwọn kò ní ṣe irú rẹ̀. Acer fagi lé e. Ọdún 2019 ni a wá rí èyí tí ó le jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà dènà òwò pẹ̀lú Huawei, Google sì ní láti fà sẹ́yìn. Huawei ṣì lè lo kóòdù Android bí ó ṣe fẹ́, torí ohun tí a ti fi léde kò ṣeé gbà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mate 30 jáde ní oṣù Kẹsàn-án, kò ní Play Store, kò ní YouTube. Ní Ṣáínà, níbi tí wọn kì í ti í lo nǹkan Google tẹ́lẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Lẹ́yìn odi, ọjà rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn 4.34 bílíọ̀nù yúrò lé Google lórí, wọ́n ní ó ń fi dandan mú àwọn oníṣẹ́ fóònù láti fi ẹ̀rọ ìṣàwárí rẹ̀ sínú fóònù kí wọ́n tó lè rí Play Store gbà, ó sì ń dí wọn lọ́wọ́ láti ta ẹ̀yà Android mìíràn. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ wọn dín owó náà kù sí 4.125 bílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn náà.

N kò ní parọ́ pé ṣíṣí sílẹ̀ kò ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Joshua Drake, onímọ̀ ààbò, fi hàn pé àbùkù kan wà nínú Android tí ó lè jẹ́ kí ẹni ibi gba inú iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ wọ fóònù. Nǹkan bí 950 mílíọ̀nù ẹ̀rọ ni wọ́n ní ó kàn. Google tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Google kọ́ ni ó ṣe àwọn fóònù náà, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí owó rẹ̀ kéré ni àtúnṣe náà kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí tí ó fi bàjẹ́. Ní ọdún 2020, ìwádìí fi hàn pé inú àwọn fóònù Tecno W2 kan tí wọ́n tà ní Gánà, Kamẹrúùnù àti ibòmíràn ni kóòdù olè ti wà kí wọ́n tó kúrò nínú páálí, tí ó ń jẹ owó àti dátà onífóònù. Transsion dá ẹlòmíràn lẹ́bi láàárín àwọn tí ń bá a kó nǹkan jọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ni ó ń jìyà irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ pé irọ́ pátápátá ni àlàyé Google lórí òfin tuntun yìí. Wọ́n ní áàpù tí àwọn ènìyàn ń fà láti orí ayélujára gbangba ń gbé kòkòrò wọlé ju ti Play Store lọ ní ìlọ́po 50. A mọ àwọn tí wọ́n ti gbá owó inú báńkì wọn lọ nípasẹ̀ áàpù ayédèrú. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí ó ni ìsọ̀ tí ó tóbi jù nínú ọjà ni yóò tún máa kọ orúkọ gbogbo oníṣòwò, títí kan àwọn tí kò sí nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 kan náà, Google ti sọ pé gbogbo iṣẹ́ lórí Android yóò máa wáyé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kóòdù yóò sì máa jáde nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá ti parí. Nígbà tí ariwo pọ̀ lórí òfin ìforúkọsílẹ̀, pàápàá láti ọ̀dọ̀ F-Droid tí ó ń pín áàpù ọ̀fẹ́, Google ní òun yóò fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà láti fara mọ́ ewu rẹ̀. Ọ̀nà náà yóò le díẹ̀ bí, tàbí yóò le débi pé ènìyàn lásán yóò padà lẹ́yìn rẹ̀? Ìyẹn ni kí àwọn tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa béèrè kí ọdún 2027 tó dé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Google kéde pé ẹ̀rọ Android tí ó ń ṣiṣẹ́ ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Tèmi wà lára wọn. Kíbọ́ọ̀dù tí mo fi tẹ àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ti ọdún 2013. Òmíràn ni, tí olùkọ́ kan náà fi Xender fún mi ní ọdún 2019, tí mo sì ti gbé láti inú fóònù kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ní Play Store. Mo ti tú inú rẹ̀ wò láti mọ ẹni tí ó ṣe é kí n lè kìlọ̀ fún un pé kí ó lọ forúkọ sílẹ̀. Kò kọ orúkọ síbẹ̀.